Ọpọ́n Tó Ń Ṣọ́ Ọmọ Ayò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Bàbá wa àgbà pe ọ̀rẹ́ wọn ní olè.

Ọ̀rẹ́ tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Kí wọ́n tó bí bàbá mi ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà. Wọ́n jọ ṣòwò, wọ́n jọ ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì jọ gbé ìyàwó fún ọmọ ara wọn. Bàbá Ọ̀rẹ́ ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì, ìdí ayò ni wọ́n ti ń pàdé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn obìnrin ń ti Ọjà Owódé bọ̀, Bàbá Ọ̀rẹ́ á ti gbé àpótí wọn kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa. Màmá mi á gbé omi tútù sí tòsí wọn, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ mọ ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ pé ariwo kì í jìnnà sí i. Ọ̀ta a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran a sì máa bá wọn dá sí i. Èébú ìdí ayò kì í dé inú ilé. Ṣùgbọ́n èyí tó jáde lẹ́nu Bàbá lọ́jọ́ náà kì í ṣe èébú ayò.

“O mú ọmọ kan kúrò nínú ilé mi. Mo rí ọ. Olè ni ọ́.”

Bàbá Ọ̀rẹ́ kò fèsì. Wọ́n wo ọpọ́n, wọ́n wo Bàbá, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n sì bá ọ̀nà ilé wọn lọ. Ní ìlú tí a fi ìjàkadì mọ̀ bíi Ọ̀fà, kì í ṣe ẹ̀sín kí wọ́n dá ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀sín ni kí wọ́n ní ó ṣe màgòmágó. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Ọ̀rẹ́ kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá jókòó nìkan sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń kó ọmọ ayò láti ilé kan sí òmíràn láìbá ẹnikẹ́ni ta. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àbúrò mi ọkùnrin ló wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná àti ẹ̀rọ ní Pólì ìlú wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo máa ṣe ọpọ́n tó máa mọ ibi tí gbogbo ọmọ ayò wà. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀kan kúrò, á hàn.”

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ohun tí ọpọ́n náà máa fi hàn wá á ju ọ̀rọ̀ olè lọ.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe

Èrò àbúrò mi kì í ṣe tuntun lágbàáyé. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wá bí tábìlì yóò ṣe mọ ohun kékeré tó wà lórí rẹ̀, àti ibi tí ó wà gan-an. Eré ṣẹ́ẹ̀sì ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ronú sí i.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti irin òòfà. Wọ́n á fi òòfà kékeré sí ìdí ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi súìṣì kékeré sábẹ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí òòfà bá ti dé orí súìṣì, á pa dé, iná á sì kọjá. Ilé iṣẹ́ Milton Bradley ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbé pátákó kan jáde ní ọdún 1983 tí àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì orí rẹ̀ ń rìn fúnra wọn, nítorí pé apá kan tó ní òòfà ń fà wọ́n láti abẹ́. Ṣùgbọ́n súìṣì olóòfà ní àléébù kan: ó mọ̀ pé nǹkan wà lójú ilé, kò mọ irú nǹkan tí ó jẹ́. Dandan ni kí kọ̀ǹpútà rántí bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bọ̀ láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀.

Ilé iṣẹ́ DGT, tó wà ní ìlú Enschede ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wá ọ̀nà mìíràn. Okùn bàbà tí a yí ni wọ́n fi sínú ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì. Irú ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìró iná tirẹ̀, bí a ti ń mọ ìyáàlù yàtọ̀ sí gúdúgúdú láìwo ojú onílù. Pátákó á ké sí wọn, ọmọ tí ìró náà bá bá mu á dáhùn. Báyìí ni pátákó ṣe ń mọ ọba yàtọ̀ sí ẹṣin. Irú pátákó yìí ni a fi ń gbé ìdíje ńlá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó wà ní Ọ̀fà fi lè máa wo eré tí wọ́n ń ta ní òkè òkun.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń lo kámẹ́rà. Ní Yunifásítì Pompeu Fabra ní Barcelona, wọ́n ṣe tábìlì orin kan tí wọ́n pè ní Reactable. Àmì wà ní ìdí ohun kékeré kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbé sórí rẹ̀, kámẹ́rà sì wà lábẹ́ tábìlì tó ń ka àmì náà. Bí olórin bá ti yí ohun náà tàbí tó sún un, orin á yí padà.

Ayò kò rí bẹ́ẹ̀

Kámẹ́rà ni àbúrò mi kọ́kọ́ dán wò. Ó so fóònù mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó dojú rẹ̀ kọ ọpọ́n tó ṣófo, ó da ọmọ ayò sí i, òun àti èmi sì ta eré kan. Kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ wa ń bo ilé ayò mọ́lẹ̀, òkùnkùn ń kùn, ọmọ ayò sì ń gun orí ara wọn. Bí ọmọ 11 bá wà nínú ilé kan, bóyá ni kámẹ́rà á rí márùn-ún.

Ibí ni ó ti wá yé mi pé ayò yàtọ̀ pátápátá sí ṣẹ́ẹ̀sì. Ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ipò. Ọmọ ayò kò ní. Ilé 12 ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ 48. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí lè di tìrẹ láìpẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí i pé òun ni ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a kò nílò láti mọ ọmọ wo ló wà níbo. Iye tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni a nílò.

Àbúrò mi wá ronú kan ìwọ̀n. Ní ọdún 1938, Edward Simmons àti Arthur Ruge, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàwárí pé bí a bá lẹ wáyà tín-ínrín mọ́ irin, tí ìwúwo sì tẹ irin náà, wáyà á nà díẹ̀, bí iná ṣe ń gbà á kọjá á sì yí padà. Èyí ni ìdí òṣùwọ̀n oníná òde òní, títí kan èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn ẹran dídì. Àbúrò mi ra irú rẹ̀ 14 tó kéré: 12 fún àwọn ilé, méjì fún ibi tí ọ̀ta kọ̀ọ̀kan ń kó ọmọ tó bá jẹ sí. Ó so wọ́n mọ́ Arduino, pátákó kékeré tí àwọn olùkọ́ kan gbé jáde ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní ọdún 2005 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí a kò lè máa dúró de iná ìjọba kí a tó ta ayò.

Ìṣòro kò tán. Orí igi ni ọmọ ayò ti ń wá, kò sí ọmọ méjì tí ìwúwo wọn dọ́gba. Ọmọ mẹ́wàá tó tóbi lè wúwo bí ọmọ 11 tó kéré. Àbúrò mi gbé odindi àpò ọmọ ayò lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan, ó yá òṣùwọ̀n rẹ̀, ó sì wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ṣa 48 tí ìwúwo wọn súnmọ́ra jù lọ. Síbẹ̀, bí oòrùn bá pa ọpọ́n lọ́sàn-án, tí ọyẹ́ sì fẹ́ sí i lálẹ́, òṣùwọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìgúnpá lé etí ọpọ́n, ìwúwo ìgúnpá rẹ̀ náà á wọ inú ìṣirò.

Ilé tí ó ṣófo

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀rẹ́ ni a ti rí ojútùú. A lọ dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n padà wá sí ìdí ayò. Àbúrò mi sì ṣàlàyé ọpọ́n rẹ̀ àti ohun tó ń dà á láàmú. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní:

“Ọmọ mi, kí lo ń ka gbogbo ilé fún? Ilé tí wọ́n kó ni kí o wò. Ìyókù, ayò fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ fún ọ.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí Bàbá bá kó ọmọ mẹ́rin nínú ilé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ilé mẹ́rin tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ di márùn-ún-márùn-ún. Ilé kan ṣófo, ilé mẹ́rin ní márùn-ún, ilé méje tó kù ní mẹ́rin: 48 pé. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà rí. Ohun kan ṣoṣo tí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú ni ilé tí ó ṣófo, òṣùwọ̀n kì í sì í ṣàṣìṣe lórí èyí, nítorí ilé òfìfo yàtọ̀ gedegbe sí ilé tó ní ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á fi òfin ayò ṣírò ohun tó yẹ kó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, á sì fi wé ohun tí òṣùwọ̀n rí. Bí méjèèjì bá bára mu, kò sí ìṣòro. Bí wọn kò bá bára mu, ẹnì kan ti ṣe ohun tí òfin kò sọ.

Àbúrò mi ṣàṣìṣe kan tó pa Bàbá Ọ̀rẹ́ lẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé bí odù bá pọ̀ tó láti yí ọpọ́n ká, a kì í sọ ọmọ sínú ilé tí a ti kó o. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá kó odù ni ẹ̀rọ ń pariwo pé àṣìṣe wà. “Ọpọ́n rẹ tilẹ̀ jẹ́ òpè jù mí lọ,” ni wọ́n wí.

Mo rántí ìtàn kan tí mo kà nípa awari, ìbátan ayò wa tí òfin rẹ̀ jọ tiwa. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam lo kọ̀ǹpútà láti wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ 48 lè gbà jókòó lórí ọpọ́n bí eré ti ń lọ. Ọ̀nà 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Prósẹ́sọ̀ 144 ló ṣe iṣẹ́ náà fún wákàtí 51. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjì tí kì í ṣàṣìṣe rárá bá jọ ta á, ọ̀mì ni yóò já sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó borí rí láìjẹ́ pé ẹnìkejì rẹ̀ ṣàṣìṣe níbì kan. Àṣìṣe kì í ṣe àbùkù ayò, òun ló ń gbé ayò ró.

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀rẹ́, wọ́n béèrè ohun kan. “Ṣé nǹkan yìí á máa sọ ohun tó bá rí?”

Àbúrò mi ní, “Rárá, sà. Á kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn á wá.

Ohun tí ọpọ́n rí

Inú Bàbá dùn sí ọpọ́n tuntun náà. A sọ fún wọn pé ó ń ka ọmọ ayò. Wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ó bá mi mú olè.” Wọ́n kò bá ọ̀rẹ́ wọn tọrọ àforíjì, ọ̀rẹ́ wọn náà kò sì béèrè rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àbúrò mi fi jẹ́ kí ọpọ́n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kà á.

Ojú rẹ̀ le nígbà tó pè mí. “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹ wo ibí.”

Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀ kedere. Lẹ́yìn tí Bàbá bá ti ta tán, kí Bàbá Ọ̀rẹ́ tó kó ilé tiwọn, ọmọ kan á kúrò nínú ilé kan, á sì bọ́ sínú ilé mìíràn. Òfin ayò kò mọ irú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Inú mi bàjẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ àdùn lápò ẹ̀wù bàbá yìí ń kọjá lójú mi.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí a jọ tún un kà, ṣùgbọ́n kí a má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ ti ṣípò. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú wa ti là. Kí Bàbá Ọ̀rẹ́ tó sún ọmọ kankan, Bàbá ti kọ́kọ́ fo ilé kan. Wọ́n á kó ọmọ márùn-ún, wọ́n á sọ ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, wọ́n á gbàgbé ilé kan láàárín, tàbí kí wọ́n sọ méjì sójú kan. Ọmọ tí Bàbá Ọ̀rẹ́ ń mú ni ọmọ tí kò yẹ kó wà níbi tó wà. Ilé tí wọ́n ń sọ ọ́ sí ni ilé tí Bàbá fò. Gbogbo ìgbà tí ọpọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ṣípò lọ́nà àìtọ́, àtúnṣe ni. Kò sí èyí tó ṣe Bàbá Ọ̀rẹ́ láǹfààní. Ó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà mélòó kan pé àṣìṣe Bàbá ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn láti jẹ ọmọ mẹ́ta, wọ́n tún un ṣe, wọn kò jẹ ẹ́.

Àkọsílẹ̀ kan náà ni a kà lálẹ́ tí a fi pe ènìyàn ní olè. Òun náà ni a kà láàárọ̀ tí a fi mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Ọpọ́n mọ ibi tí ọmọ wà. Kò mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

“Gbogbo ohun tójú rí”

A padà lọ bá Bàbá Ọ̀rẹ́, ìtìjú bò wá. A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi mọ ìdí tí a fi wá.

Wọ́n ní ó ti tó ọdún kan tí àwọn ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé bó bá wo odù lẹ́ẹ̀kan, á mọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lẹ́nu bí ọmọdé. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún wa. Wọ́n wò mí.

“Ṣé kí n pè é ní aṣarán lójú àwọn ọmọ rẹ̀? Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ó pè mí ní olè, èyíinì á tán. Bí mo bá pè é ní aṣarán, ṣé ìyẹn á tán?”

N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, arán ni ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ní fún un, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń ní ìtìjú nínú. Bí àgbà bá ń gbàgbé, a lè ní ọjọ́ orí ni. Bó bá ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé àrùn ìgbàgbé tó ń ba ìgbé ayé àgbà jẹ́ kì í ṣe ara ohun tí ọjọ́ ogbó ń mú wá fún gbogbo ènìyàn. Àìsàn ni. Àwọn nǹkan mìíràn tó ṣeé tọ́jú náà sì lè fara jọ ọ́: òògùn tí kò bára mu, etí tí kò gbọ́ràn mọ́, ìbànújẹ́ ọkàn tó pẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ipa pàtàkì nínú ìmọ̀ yìí. Láti ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun tó ti di olóògbé wà lára àwọn aṣáájú wọn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Indiana, ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, àwọn tí àrùn náà ń mú tuntun lọ́dọọdún jẹ́ bí 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí. Ilé tó bá dé, ó dé náà ni.

A mú Bàbá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà béèrè bóyá ìgbàgbé náà ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í lè dáhùn ìbéèrè yìí ju “ó jọ bẹ́ẹ̀” lọ. Àbúrò mi ní àkọsílẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní kì í ṣe àyẹ̀wò ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó wúlò fún òun láti mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀. A ṣì ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀.

Iná kékeré

Ọ̀ràn ọpọ́n ló kù. Àbúrò mi fẹ́ tú u palẹ̀. Ó ní òun ṣe é láti mú olè, òun sì fi ṣọ́ bàbá òun láìgba àṣẹ. Mo rò pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá gbà kí a ka ọmọ ayò. Wọn kò gbà kí a ka ìgbàgbé wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ kankan ṣọ́ òbí yín nínú ilé, ì báà jẹ́ kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tàbí aago ọwọ́ tó ń mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn ohun tí ẹ ń wá gan-an.

Bàbá Ọ̀rẹ́ ni kò jẹ́ kí a tú u. Wọ́n ní kí àbúrò mi fi iná tín-ńtín sí etí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó máa tàn sí ilé tí ọmọ tó kàn yẹ kó bọ́ sí. Ó rọrùn láti ṣe, nítorí ẹ̀rọ ti mọ ilé tí wọ́n kó, ó sì mọ òfin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iná náà kọ́kọ́ tàn, Bàbá béèrè ohun tó wà fún.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i,” ni Bàbá Ọ̀rẹ́ fèsì. “Ojú mi kò ríran mọ́ bí oòrùn bá wọ̀.”

Bàbá mi orí. Wọ́n ta ayò. Kò sí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni ní olè láti ọjọ́ náà.

Kí n tó fi àròkọ yìí ránṣẹ́, mo jókòó ti Bàbá ní òwúrọ̀, nígbà tí ara wọn máa ń yá jù, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, láìyọ ohun kan kúrò. Àyà mi ń já. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn.

“Ojú rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ,” ni wọ́n wí. “Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé tèmi ni iná yẹn.”

Mo béèrè bóyá kí n má fi ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́, ó lè ran ilé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n fi kún un: pé ní ọ̀sẹ̀ tí mo parí àròkọ yìí, àwọn jẹ ọ̀rẹ́ àwọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àti pé òpè ni.

Mo bi ọpọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni lóòótọ́.